Lè yìí, "can" ni àbí "might"? Bá a ṣe ń fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ohun tó ń bọ̀ níwájú

Ọdún àkọ́kọ́ tí mo dé Ìlú Ọba, iṣẹ́ kíà ni mò ń ṣe nílé àwọn arúgbó kan. Lọ́jọ́ kan báyìí, Ọjọ́bọ̀ ni, ọ̀gá tó ń pín ṣíìfù fún wa fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, ó ń wá ẹni tó máa ráyè ṣiṣẹ́ ní Sátidé. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé "mo lè wá o", ẹ̀yin náà mọ bá a ṣe ń sọ ọ́, ìyẹn ni pé tí mo bá rẹ́ni bá mi mú ọmọ, tí ara sì le, wọ́n á rí mi. Mo wá tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù pé "I can come on Saturday." Ó fèsì pé "Lovely, thank you." Ọ̀rọ̀ ti parí lójú tèmi. Sátidé dé, mi ò rẹ́ni mú ọmọ, mo jókòó sílé, àfi bí fóònù ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í dún ní agogo méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá pé níbo ni mo wà, wọ́n ti kọ orúkọ mi sí rótà, ẹni tó ṣiṣẹ́ mọ́jú ò tíì lè lọ sílé torí èmi ló ń retí. Mo ní ṣebí mo kàn sọ pé mo lè wá ni. Obìnrin yẹn ní, "Yes, you said you can." Mi ò rí nǹkan kan sọ.

Ohun tó dùn mí jù níbẹ̀ ni pé kò sí tíṣà tó máa fi bírò pupa fagi lé gbólóhùn yẹn, gírámà ẹ̀ pé. Ó kàn jẹ́ pé ohun tó sọ kọ́ ló wà lọ́kàn mi. "I might be able to come on Saturday" ni mo fẹ́ sọ. Àtìgbà yẹn ni mo ti ń ṣe é pé tí mo bá fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ ọ̀la ní Gẹ̀ẹ́sì, màá kọ́kọ́ gbọ́ ọ ní Yorùbá nínú orí mi, màá wá bi ara mi pé irú "lè" wo lèyí, irú "máa" wo lèyí. Mo fẹ́ fi bí mo ṣe ń ṣe é hàn yín torí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wa ló ń kó sí ọ̀fìn yìí láì mọ̀, níbi iṣẹ́, nínú ìmeèlì, nínú ìntáfíù, tí wọ́n á kàn máa rò pé a ò dúró lórí ọ̀rọ̀ wa.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú èyí tó rọrùn kúrò lọ́nà. Ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì máa ń yí padà fún ohun tó ti kọjá, "go" á di "went", àmọ́ kò ní ìrísí kankan fún ọ̀la. Àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké ni wọ́n fi ń gbé e: will, shall, can, could, may, might, should, would, must. Àwọn yẹn ni wọ́n ń pè ní modal verb. Bẹ́ẹ̀ náà ni tiwa rí, "lọ" ò yí padà láéláé, máa, á, yóò, lè ló ń síwájú ẹ̀. Torí náà ohun tẹ́ ẹ ti mọ̀ láti kékeré ni: ọ̀rọ̀-ìṣe tó bá tẹ̀ lé modal, gbọọrọ ló máa wà, kò sí s, kò sí "to". "She will come", kì í ṣe "she will comes". "I must go", kì í ṣe "I must to go". Ibi kan ṣoṣo tí tiwa ti yàtọ̀ ni pé Yorùbá lè to méjì tẹ̀ léra, a máa ń sọ pé "màá lè ṣe é", Gẹ̀ẹ́sì ò gbà bẹ́ẹ̀, kò sí "I will can do it". "I will be able to do it" ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni "màá ní láti lọ" máa di "I will have to go", kò sí "I will must go".

Ó yá, ká bọ́ sórí "lè", torí ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà.

"Lè" wa ń ṣe iṣẹ́ mẹ́ta ó kéré tán. Ẹ gbọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: "Ó lè gbé àpò sìmẹ́ǹtì", agbára ẹ̀ ká a. "O lè máa lọ sílé", mo yọ̀ǹda ẹ. "Òjò lè rọ̀ lálẹ́ òní", a ò mọ̀, ó ṣeé ṣe. Méjì àkọ́kọ́ yẹn, "can" gbé wọn dáadáa: "He can carry a bag of cement", "You can go home now." Ìkẹta yẹn ni "can" kì í gbé. Ẹni tó bá sọ pé "It can rain tonight", àwọn tó ni èdè á mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé nǹkan kan ò dún dáadáa. "It might rain tonight", "It may rain tonight", "It could rain tonight", mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dára.

Ìdánwò tí mo ń lò rèé. Ẹ yọ "lè" kúrò nínú gbólóhùn yín, ẹ fi "bóyá" síwájú, kẹ́ ẹ fi "máa" rọ́pò ẹ̀. "Òjò lè rọ̀ lálẹ́ òní", "bóyá òjò máa rọ̀ lálẹ́ òní", ìtumọ̀ ò kúrò lójú kan, might nìyẹn. "Ó lè gbé àpò sìmẹ́ǹtì", "bóyá ó máa gbé àpò sìmẹ́ǹtì", ẹ rí i pé ó ti di ọ̀rọ̀ míì, can nìyẹn. "Mo lè wá ní Sátidé" tèmi ńkọ́? Bóyá mo máa wá ní Sátidé. Might. Ká ní mo mọ ìdánwò yìí nígbà yẹn ni, èèyàn ẹlẹ́èèyàn ò bá má dúró dè mí.

Ẹ má sì jẹ́ kó rú yín lójú tẹ́ ẹ bá gbọ́ "It can get very hot in Ibadan in March", ìyẹn dára, torí kì í ṣe ọjọ́ kan pàtó ló ń sọ, bí ìlú yẹn ṣe máa ń rí nígbà míì ló ń sọ. Tó bá ti jẹ́ ohun kan, lọ́jọ́ kan, tá ò tíì mọ̀ bóyá ó máa ṣẹlẹ̀, ẹ fi can sílẹ̀.

May àti might, ẹ má fi ìyẹn da ara yín láàmú. Àwọn kan á sọ fún yín pé might ń fi hàn pé kò dá wa lójú tó may, ó lè rí bẹ́ẹ̀ díẹ̀, àmọ́ nínú ọ̀rọ̀ ẹnu lójoojúmọ́ might lẹ máa gbọ́ jù, may sì máa ń dún bí ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà. Ohun kan tó yẹ kẹ́ ẹ ṣọ́ ni pé may kì í bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè nípa ohun tó ṣeé ṣe. "May I come in?" dára, ìyọ̀ǹda lò ń tọrọ. Àmọ́ tó o bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹnì kan máa wá, "May you come tomorrow?" ò sí ńbẹ̀, ohun tí wọ́n máa gbọ́ ni pé àdúrà lò ń ṣe. "Do you think you'll come tomorrow?" ni kó o sọ.

Ibi tí Yorùbá ti gbọ́n ju bá a ṣe rò lọ ni ibi tá a ti ń sọ pé nǹkan ò ní rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo méjì yìí dáadáa:

"Kò lè wá."
"Ó lè má wá."

Kò sí ọmọ Yorùbá tó máa ṣi méjèèjì mú fún ara wọn. Ti àkọ́kọ́, ọ̀nà ti dí, kò sí bó ṣe máa wá: "She can't come." Ti ìkejì, ó ṣì kù díẹ̀ ká mọ̀: "She might not come." Ibi tí "ò" tàbí "má" wà ló sọ fún yín. Tí "má" bá wà lẹ́yìn lè, might not. Tí "ò" tàbí "kò" bá wà níwájú lè, can't. Mo ti rí ìmeèlì tí ẹnì kan kọ pé "I cannot come to the meeting" tó jẹ́ pé ohun tó ní lọ́kàn ni pé òun lè má wá, wọ́n yọ orúkọ ẹ̀ kúrò, wọ́n fi ẹlòmíì sí i. Ẹ tún ṣọ́ could: bó tilẹ̀ jẹ́ pé "It could rain" àti "It might rain" sún mọ́ra, "It couldn't rain" kì í ṣe "òjò lè má rọ̀" rárá. Fún ìyẹn, might not tàbí may not nìkan ni.

Ní ti máa, ìyẹn will, ẹ jẹ́ ká wo ilé ìdáná. Ẹnì kan ń gbé ìkòkò ọbẹ̀ tó gbóná, o sáré dìde, o ní "dúró, màá bá ẹ gbé e". Ìṣẹ́jú yẹn gan-an lo ṣẹ̀ṣẹ̀ pinnu ẹ̀. "Wait, I'll carry it for you." Will nìyẹn, ọ̀rọ̀ tí èèyàn fi ń dá nǹkan lé ara ẹ̀ lójú ẹsẹ̀, tàbí tó fi ń ṣèlérí, tàbí tó fi ń sọ bó ṣe rò pé ayé máa rí. Àmọ́ tó o bá ti pinnu láti àná pé ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ lo máa sè lónìí, "I'm going to make efo today." Tó bá sì jẹ́ ohun tó o ti bá ẹlòmíì fi àdéhùn sí, tó ti wà nínú kàlẹ́ńdà, bíi pé o máa rí lánlọ́ọ̀dù ní agogo mẹ́rin, "I'm meeting the landlord at four." Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, "máa" la máa fi sọ ọ́ ní Yorùbá, ìdí nìyẹn tá a fi ń da will bo gbogbo ẹ̀. Ẹ ò ní jẹ̀bi tẹ́ ẹ bá fi will sọ gbogbo ẹ̀ o, wọ́n á gbọ́ yín, ó kàn jẹ́ pé tí ẹnì kan bá bi ẹ́ pé kí lo fẹ́ ṣe ní ìparí ọ̀sẹ̀, tó o sì fèsì pé "I will go to church and I will visit my aunt", ó máa ń dún bíi pé ibẹ̀ lo ti ń rò ó.

"Fẹ́" náà wà ńbẹ̀. "Òjò fẹ́ rọ̀." Àìmọye wa ló ti sọ ọ́ pé "Rain wants to fall." Òjò ò lọ́kàn tó fi ń fẹ́ nǹkan lójú àwọn òyìnbó, "It's going to rain" ni. "Ife yẹn fẹ́ jábọ́", "That cup is going to fall." "Mo fẹ́ máa lọ", "I should be going now" tàbí "I'm about to leave", kì í ṣe "I want to be going." Ohun tó wú mi lórí níbẹ̀ ni pé will fúnra ẹ̀, láyé àtijọ́, ìtumọ̀ ẹ̀ ni fẹ́. Willan ni wọ́n ń pè é nígbà náà. Ọ̀nà kan náà tí fẹ́ tiwa gbà di ọ̀rọ̀ ohun tó fẹ́ ṣẹlẹ̀ ni tiwọn náà gbà, wọ́n kàn ti rìn jìnnà sí i ni.

Ẹ wo àwọn méjì míì tí Yorùbá ti fi sí yín lẹ́nu tẹ́lẹ̀, táwọn èèyàn sì ń bẹ̀rù lásán nítorí orúkọ gígùn tí wọ́n fún un nínú ìwé gírámà. "Màá máa ṣiṣẹ́ nígbà yẹn", máa méjì, ìyẹn ni pé iṣẹ́ á ti wà lọ́wọ́: "I'll be working then." "Màá ti parí kó tó di Jímọ̀", máa àti ti: "I'll have finished before Friday." Ìgbàkigbà tẹ́ ẹ bá gbọ́ màá máa lórí ahọ́n yín, will be pẹ̀lú -ing. Ìgbàkigbà tẹ́ ẹ bá gbọ́ màá ti, will have. Ìyẹn ti tó.

Òmíì tún ni "tí mo bá dé". "Tí mo bá dé ọ̀hún, màá pè ẹ́." Ẹ wò ó dáadáa, ibo ni màá wà? Apá kejì nìkan ló wà. Apá àkọ́kọ́, "bá" ló wà ńbẹ̀, kò sí máa. Ohun kan náà gẹ́lẹ́ ni Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe: "When I get there, I'll call you." Síbẹ̀ ojoojúmọ́ là ń gbọ́ "When I will get there I will call you", "If he will come I will tell him", "By the time you will wake up." Mi ò mọ ibi tá a ti rí will àkọ́kọ́ yẹn torí Yorùbá ò fún wa. Ẹ tẹ̀ lé tí... bá yín, ẹ ò ní ṣìnà.

Ó wá kan would, èyí tó ń dùn mí jù láàárín àwa ọmọ Nàìjíríà. "I would be resuming on Monday." "I would send the document tomorrow." "We would be landing by six." Mo rò pé ìdí tá a fi ń ṣe é ni pé will máa ń le jù létí wa. Ilé tí wọ́n ti tọ́ wa, èèyàn kì í la ẹnu gbàgà sọ pé òun máa ṣe báyìí lọ́la láìfi "bí Ọlọ́run bá fẹ́" kún un, ẹ̀dá ò sì mọ̀la lóòótọ́. Would wá dún bí èyí tó tutù, tó níwà. Àmọ́ létí ẹni tó ni èdè, "I would send the document tomorrow" ò tíì parí, ó ń dúró de "but": ǹ bá fi ránṣẹ́, àmọ́ kọ̀ǹpútà mi bàjẹ́. Wọ́n á máa retí ìdí tó ò fi ní ṣe é. Ẹ kọ "I will send the document tomorrow", ẹ ò tíì ṣe ìgbéraga kankan.

Would ní ilé tiẹ̀, ẹ jẹ́ ká mọ ilé yẹn. Yorùbá tó bá a mu ni "ǹ bá", "ò bá", "ì bá". "Ká ní mo lówó ni, ǹ bá ra mọ́tò": "If I had money, I would buy a car." Owó ò sí, gbogbo wa la mọ̀. Ẹ fi wé "Tí mo bá lówó, màá ra mọ́tò": "If I have money, I'll buy a car." Èyí ṣì ṣeé ṣe, owó lè wọlé. Tó bá jẹ́ ká ní àti ǹ bá lẹ gbọ́ nínú orí yín, would. Tó bá jẹ́ tí... bá àti màá, will.

Ibòmíì tó ń gbé ni tá a bá ń ròyìn ohun tẹ́nì kan sọ nígbà kan. "Ó ní òun máa wá", àná ló sọ ọ́, ní Gẹ̀ẹ́sì will á di would: "She said she would come." Yorùbá ò ní ìyípadà yìí, máa ṣì máa ni, torí náà èyí ẹ ní láti fi sọ́kàn ni, kò sí ọgbọ́n kan níbẹ̀. Ìkẹta sì ni ìbọ̀wọ̀fúnni. "I will like to ask a question" tá a máa ń sọ, "I would like to ask a question" ni. Bẹ́ẹ̀ ni, ibi tó yẹ ká fi would sí la ń fi will sí, ibi tó yẹ kí will wà la ń fi would sí! Ẹ rántí pé Gẹ̀ẹ́sì ò ní "ẹ" tá a fi ń bu ọlá fún àgbà, you ni bàbá, you ni ọmọ. Would àti could ló ń ṣe iṣẹ́ "ẹ" yẹn fún wọn. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi fi fọ́ọ̀mù yẹn ránṣẹ́ lọ́la", tó o bá kọ "Send me the form tomorrow, sir", sir yẹn ò gbà ẹ́ sílẹ̀. "Could you send me the form tomorrow, please?" ti kúnlẹ̀ dáadáa.

Shall ò ní gba àkókò wa púpọ̀. Lọ́dún 1653, John Wallis tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ìṣirò ní Oxford fi Látìn kọ ìwé gírámà Gẹ̀ẹ́sì kan, ó là á sílẹ̀ níbẹ̀ pé "I shall" ni fún ohun tó kàn máa ṣẹlẹ̀, "I will" ni fún ìlérí, tó bá wá jẹ́ you tàbí he, kí wọ́n yí i padà. Àwọn tíṣà fi òfin yìí na ọmọ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lónìí, ẹ lè gbàgbé ẹ̀. Ibi tí shall ṣì wúlò nínú ọ̀rọ̀ ẹnu ni ibi tí Yorùbá ti ń sọ pé "ṣé ká" tàbí "ṣé kí n": "Ṣé ká máa lọ?", "Shall we go?" "Ṣé kí n ṣí fèrèsé?", "Shall I open the window?" Ní Amẹ́ríkà, "Should I" ni ẹ máa gbọ́ níbẹ̀ jù. Ó tún wà nínú àdúrà wa, "It shall be well", ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀, ó dùn létí. Ó sì wà nínú òfin, níbi tí kì í ti í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀la mọ́, àṣẹ ni. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 sọ pé "The motto of the Federal Republic of Nigeria shall be Unity and Faith, Peace and Progress", kò sọ pé ó máa di bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, ó pa á láṣẹ ni. Torí ìdàrúdàpọ̀ yìí ni ìjọba Amẹ́ríkà fi ń gba àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ nímọ̀ràn pé kí wọ́n máa kọ must dípò shall.

Must yẹn náà, ẹ ṣọ́ra fún un tí "not" bá ti wọ̀ ọ́. "Kò di dandan kó o wá lọ́la", ọ̀gá kan fẹ́ ṣàánú òṣìṣẹ́ ẹ̀, ó kọ "You must not come tomorrow." Ohun tí onítọ̀hún kà ni "o ò gbọ́dọ̀ wá lọ́la", ó rò pé wọ́n ti dá òun dúró. "You don't have to come tomorrow" ni. Ò gbọ́dọ̀, mustn't. Kò di dandan, don't have to.

Should, "ó yẹ kó". "Ó yẹ kí ọkọ̀ ti dé tó bá fi di agogo márùn-ún", "The bus should be here by five." Kì í ṣe ìmọ̀ràn lẹ̀ ń gba bọ́ọ̀sì, ìrètí yín ni. Tẹ́nì kan bá bi yín ìgbà tí iṣẹ́ máa parí, tó dá yín lójú díẹ̀ àmọ́ tẹ́ ò fẹ́ búra, "It should be ready by Friday" dára gan-an, òun gan-an ló súnmọ́ "bí Ọlọ́run bá fẹ́" jù nínú gbogbo wọn.

Ọ̀rọ̀ ẹnu wá kù. Kò wúlò kéèyàn mọ̀ ọ́n kọ tí etí ẹni tó ń gbọ́ ọ bá gbọ́ nǹkan míì, àwa Yorùbá sì ní méjì kan tó ń yọ wá lẹ́nu: won't àti want. Ẹnu ọ̀pọ̀ wa, ọ̀kan náà ni wọ́n. Ẹ fojú inú wo ẹni tó pe ọ̀gá ẹ̀ lórí fóònù pé "I won't come tomorrow", tí ọ̀gá gbọ́ ọ bíi "I want come tomorrow". Yorùbá ní irinṣẹ́ fún èyí. Fáwẹ̀lì inú won't, ó sún mọ́ "o" inú "owó". Ti want, "ọ" inú "ọwọ́" ni. Ẹ sọ owó, ọwọ́, owó, ọwọ́, ẹ wá sọ won't, want. Ẹ sì jẹ́ kí will tó ti kéré di 'll yẹn ní ẹsẹ̀, kí ahọ́n kan òkè ẹnu, torí tí "l" bá ti sọnù nínú "I'll call you", "I call you" ló kù. Tí fóònù ò bá dún dáadáa, ẹ má fi can't ṣeré, ẹ pe cannot jáde ní kíkún.

Ẹ tún wo ìbéèrè tó bá ní not nínú. "Ṣé o ò ní wá lọ́la ni?" Tó ò bá ní wá, Yorùbá á dáhùn pé "bẹ́ẹ̀ ni, mi ò ní wá". Gẹ̀ẹ́sì yí i padà, "You won't be in tomorrow?" "No, I won't." Tó o bá dá a lóhùn pé "Yes", tó o sì dákẹ́, ó lè gbà pé o ń bọ̀. Ẹ máa parí ìdáhùn náà, kẹ́ ẹ má fi Yes tàbí No nìkan sílẹ̀.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń múra ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì IELTS: Speaking ẹ̀, ìyẹn apá ọ̀rọ̀ sísọ, ìṣẹ́jú 11 sí 14 ni, ọ̀nà mẹ́ta ló pín sí, ọ̀nà kẹta sì ni wọ́n ti sábà máa ń béèrè bẹ́ ẹ ṣe rò pé nǹkan máa rí lọ́jọ́ iwájú. Gírámà nìkan jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin máàkì, wọ́n sì fẹ́ rí i pé ẹ mọ onírúurú ẹ̀ lò. Àbúrò mi obìnrin jókòó síwájú mi lálẹ́ ọjọ́ kan, mo bi í pé báwo lọkọ̀ wíwọ̀ ṣe máa rí ní ìlú ńlá. Ó ní "There will be electric buses, petrol will finish, people will not buy cars." Will, will, will, bí wòlíì. A jọ tún un ṣe: "I think we'll probably see more electric buses. Petrol might become too expensive, so some people may stop buying cars, but that could take years." Ọ̀rọ̀ kan náà ni, àmọ́ ẹ gbọ́ bó ṣe ń wọ̀n ọ́n, ohun tó dá a lójú, ó gbé e lé will, ohun tí kò dá a lójú, ó gbé e lé might. Ẹ kíyè sí ibi tí probably wà: ẹ̀yìn will ló ń dúró, "we'll probably see", àmọ́ iwájú won't ló ń dúró, "they probably won't buy cars."

Kẹ́ ẹ tó sùn lálẹ́ òní, ẹ kọ ohun márùn-ún tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ọ̀la yín ní Yorùbá, bẹ́ ẹ ṣe máa sọ ọ́ fún ẹni tẹ́ ẹ jọ ń gbé gan-an, kẹ́ ẹ wá fi àwọn ìdánwò yìí yí wọn padà. Ẹ gbìyànjú àwọn wọ̀nyí ná, ẹ bo ìdáhùn mọ́lẹ̀ o: "Mo lè má rí ẹ lọ́la." "Tí iná bá dé, màá lọ aṣọ." "Ká ní mo mọ ilé ẹ̀ ni, ǹ bá lọ kí i." "Nígbà tẹ́ ẹ bá fi dé, a máa ti jẹun tán." "Ó ní òun ò ní pẹ́."

"I might not see you tomorrow." "When the light comes back, I'll iron the clothes", ní Nàìjíríà ni light yẹn o, ní Lọ́ńdọ̀nù ẹ sọ pé "when the power comes back". "If I knew her house, I would go and see her." "By the time you get here, we'll have eaten", kò sí will nínú apá àkọ́kọ́. "He said he wouldn't be long."